Àgbáǹréré Tí Mo Sanwó Fún: Àgbéyẹ̀wò Kéèkì Ọjọ́ Ìbí Kan ní Bódìjà

Ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún méje ní oṣù tó kọjá, ohun kan ṣoṣo tí ó sì tọrọ lọ́wọ́ wa ni kéèkì tí yúníkọ́ọ̀nù wà lórí rẹ̀, ìyẹn ẹṣin funfun oníwo kan tí ó wà lára báàgì ilé-ìwé rẹ̀, lára ìgò omi rẹ̀, àti lára ìbọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ rà fún un ní ọjà Gbági. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ ṣètò kéèkì náà. Nítorí pé títún èdè Yorùbá ṣe nínú ìwé ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, tí mo sì ti pinnu tipẹ́ pé ohun tí ó bá ti ní orúkọ ní Yorùbá, n kò ní pè é ní orúkọ òyìnbó níwájú àwọn ọmọ mi, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí oníkéèkì lórí WhatsApp pé: “Ẹ jọ̀ọ́, kéèkì alájà méjì ni mo fẹ́. Kí àgbáǹréré kan wà lórí rẹ̀, kí ìwo rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ wúrà.” Obìnrin náà dáhùn pé òun ti gbọ́, ó ní kí n san ìdajì owó sílẹ̀, mo sì san án. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó ṣí páálí fún mi, ohun tí mo bá lórí kéèkì náà kì í ṣe ẹṣin. Ẹranko aláwọ̀ eérú kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ ki, awọ rẹ̀ ṣẹ́po léra bí aṣọ òfì tí a ká sílẹ̀, ìwo wúrà kan ṣoṣo sì yọ lórí imú rẹ̀.

(Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń pe kéèkì ní kéèkì. Mo pè é ní àkàrà òyìnbó ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin sì gbé búrẹ́dì wá. Agídí náà ní ibi tí ó ń mọ.)

Mo ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí nítorí pé àwọn ará ilé mi ti ń sọ kiri pé oníkéèkì náà ba ọjọ́ ìbí jẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì rí bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Bódìjà ni ó wà, kò jìnnà púpọ̀ sí ọjà, obìnrin kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì mọ ẹni tí mo ń sọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹnu, nítorí pé jíjẹ ni a ń jẹ kéèkì kí a tó máa wo ẹranko orí rẹ̀. Ínǹṣì 10 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ínǹṣì 8 ni òkè. Fanílà ni wọ́n fi ṣe ti ìsàlẹ̀, ṣokoléètì sì ni wọ́n fi ṣe ti òkè. Ó rọ̀, kò há ènìyàn lọ́fun, ṣúgà rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn oníkéèkì tí wọ́n gbà pé adùn tí kò bá ti ta eyín kì í ṣe adùn. Èyí tí ó ṣẹ́kù sínú fíríìjì wa ṣì rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ iná kò dúró rárá láti ọjọ́ Àìkú. Inú Micra ni mo gbé e gbà láti Bódìjà dé Ẹlẹ́yẹlé, orí itan mi ni mo sì gbé e lé ní gbogbo ọ̀nà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró ní Sángo fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, oòrùn ń ti ojú fèrèsé wọlé, síbẹ̀ áísìn náà kò yọ́, ẹranko náà kò sì yẹ̀ kúrò lórí ìdúró rẹ̀. Awakọ̀ wo inú páálí náà láti inú dígí rẹ̀ títí, ó wá bi mí pé, “Dádì, ẹ má bínú o, ṣé ẹfọ̀n lẹ gbé síbẹ̀ yẹn ni àbí ìmàdò?” N kò dá a lóhùn nígbà náà, ṣùgbọ́n mo máa padà sí orí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹranko náà fúnra rẹ̀ yẹ ní wíwò dáadáa. Ṣúgà tí wọ́n pò tí ó fi ki bí amọ̀ ìkòkò, èyí tí àwọn oníkéèkì ń pè ní fondant, ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó sì tó ìkúùkù àgbàlagbà kan àti ààbọ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èékánná mẹ́ta, mẹ́ta náà gan-an sì ni ìka ẹsẹ̀ ẹranko yìí nínú ayé. Wọ́n ti fi ṣóńṣó igi ìtayín fa ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sí etí rẹ̀ kí ó lè dà bí irun. Wọ́n wá fún un ní ìpéǹpéjú gígùn tó yí sókè bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín, ohun kan ṣoṣo tí ó bá báàgì ọmọ mi mu nìyẹn. Ẹni tí kò bá wo àwòrán ẹranko fún ìgbà pípẹ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún obìnrin náà pé kì í ṣe ohun tí mo ní kí ó ṣe nìyí. Kò bá mi jà, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Àgbáǹréré lẹ kọ, àgbáǹréré náà ni mo ṣe.” Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí i létí mi, ó tún ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú ìwé ọmọ òun wá láti inú yàrá. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, tí wọ́n ya àwòrán ẹranko sí, tí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sábẹ́: erin, ẹfọ̀n, ìkookò, àgbáǹréré. Ẹranko tó wà lókè orúkọ àgbáǹréré, èyí tí òyìnbó ń pè ní rhinoceros, ni ó wà lórí kéèkì mi, ó ku ìpéǹpéjú nìkan. Èmi tí mo ń tún ìwé ṣe fún àwọn ẹlòmíràn kò rí èsì fọ̀.

Bí mo bá ní òun ló ṣì í, ó yẹ kí n sọ ibi tí èmi ti rí tèmi. Inú Bíbélì ni. Nínú Nọ́ńbà 23:22, nínú Jóòbù 39:9 àti nínú Sáàmù 92:10, níbi tí Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1611 ti kọ orúkọ ẹṣin oníwo kan yìí, àgbáǹréré ni Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fi dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò rí ẹṣin kankan nínú ìwé Hébérù. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni re'em. Àwọn tí wọ́n tú ìwé náà sí èdè Gíríìkì, ní ọ̀rúndún mélòó kan ṣáájú ìbí Jésù, ni wọ́n pe re'em ní monokeros, tí ó túmọ̀ sí oníwo kan, àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn sì ń gba orúkọ náà lọ́wọ́ ara wọn títí tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí àwọn onímọ̀ èdè Hébérù òde òní gbà ni pé màlúù ìgbẹ́ ńlá kan ni re'em, oníwo méjì, irú èyí tí ìkẹyìn wọn kú ní ilẹ̀ Pólándì ní 1627. Ẹni tí ó bá ka Diutarónómì 33:17 dáadáa yóò rí i pé ẹsẹ náà ń fi ìwo rẹ̀ wé Éfúráímù àti Mánásè, èèyàn méjì, ìwo kan kì í sì í ṣe méjì. Nítorí náà, nínú gbogbo àwa tí a fojú kan kéèkì yẹn, awakọ̀ Micra tí ó pè é ní ẹfọ̀n ni ó sún mọ́ èdè Hébérù jù.

Àṣìṣe obìnrin yìí sì ní ẹgbẹ́ láyé àtijọ́. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn Gíríìkì kan tí ń jẹ́ Ctesias, tí ó gbé ní ààfin ọba Páṣíà, kọ̀wé nípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́ ilẹ̀ Íńdíà kan tí ara rẹ̀ funfun, tí orí rẹ̀ pupa, tí ìwo kan wà níwájú orí rẹ̀; ó ní ẹni tí ó bá fi ìwo náà ṣe ife ìmumi, májèlé kì yóò ràn án. Òun fúnra rẹ̀ kò dé Íńdíà, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ sì gbà pé ìròyìn àgbáǹréré ilẹ̀ Íńdíà, ẹranko imú yẹn, wà lára ohun tí wọ́n rò fún un. Nígbà tí ó yá, Marco Polo ará Fẹ̀nísì dé erékùṣù Sùmátírà ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, ó rí àgbáǹréré gidi, ó gbà pé ẹranko oníwo kan tí àwọn ará ilé òun ń ròyìn ni, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó ní ẹranko burúkú ni ní wíwò, inú ẹrọ̀fọ̀ ni ó fẹ́ràn láti máa yí, kò sì jọ ohun tí àwọn ń sọ nílé rárá. Ọmọbìnrin mi kò tíì ka ìwé Marco Polo, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó sọ ní ọjọ́ náà nìyẹn, àfi ẹrọ̀fọ̀ nìkan.

Àwọn tí wọ́n tún rí ìwo náà rà ní Yúróòpù kò mọ̀ pé eyín ni àwọn rà. Irú àbùùbùtán kan tí wọ́n ń pè ní narwhal wà nínú òkun yìnyín ní òkè àríwá ayé, tí ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú bí ènìyàn, tí eyín òsì akọ rẹ̀ sì máa ń yọ síta ní lílọ́ bí okùn, tí ó lè gùn tó mítà mẹ́ta. Eyín yìí ni àwọn oníṣòwò ń tà fún àwọn ọba gẹ́gẹ́ bí ìwo ẹṣin oníwo kan, kí májèlé má bàa pa wọ́n, títí tí oníṣègùn ará Dẹ́nímáàkì kan, Ole Worm, fi ṣàlàyé ní 1638 pé ara ẹranko òkun yìí ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Nígbà tí Carl Linnaeus ará Swídìn ń sọ àwọn ẹranko lórúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 1758, ó fún ẹranko òkun náà ní Monodon monoceros, ó sì fún àgbáǹréré ilẹ̀ Íńdíà ní Rhinoceros unicornis. Èyí ni pé orúkọ ẹṣin inú àlọ́ gan-an ni ẹranko onímú ìwo ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ títí di òní. Bí oníkéèkì yìí bá mọ èyí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ó gba owó lé e.

Ẹ̀sùn kan wà tí mo lè fi kàn án lórí ìmọ̀ ẹranko. Àgbáǹréré méjèèjì tí ó wà ní Áfíríkà, dúdú àti funfun, ìwo méjì-méjì ni wọ́n ní. Ti Íńdíà àti ti Jáfà ni ó ní ìwo kan, awọ tí ó ṣẹ́po lára kéèkì mi sì jọ ti Íńdíà. Kò burú. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù, àgbáǹréré dúdú ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn tó kẹ́yìn rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ti run nítorí pé àwọn ọdẹ ń pa á torí ìwo rẹ̀, IUCN, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá inú igbó, sì kéde ìparun rẹ̀ ní 2011. Ohun kan náà tí ó wà nínú èékánná wa ni ó di ìwo yẹn o. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ṣe oògùn ì bá máa gé èékánná ara rẹ̀ lọ.

Ọmọkùnrin mi àgbà ni ó dá ẹjọ́ tí ó le jù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì máa ń ta eré Dungeons & Dragons, eré àfinúrò tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, tí àwọn òṣèré fi ń jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń ju ayò, tí ẹnì kan sì ń pa ìtàn náà bí apàlọ́. Nínú ìtẹ̀jáde karùn-ún eré náà, tí ó jáde ní 2014, àgbáǹréré méjèèjì wà, kálukú sì wà ní àyè tirẹ̀. Onímú, ìyẹn èyí tí ìwo rẹ̀ wà lórí imú, jẹ́ ẹranko lásán, agbára ẹ̀mí rẹ̀, ìyẹn iye ọgbẹ́ tí ó lè gbà kí ó tó ṣubú, jẹ́ 45, ìjà rẹ̀ kò sì ju kí ó sáré wá kan ènìyàn lọ. Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn ẹṣin oníwo kan, jẹ́ ẹ̀dá ọ̀run tí ń ṣọ́ igbó, agbára ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 67, ó lè fi ìwo rẹ̀ kan aláìsàn kí ara rẹ̀ yá, ó sì ní egbé: lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó lè gbé ara rẹ̀ àti ẹni mẹ́ta lọ sí ibi tí kò ju máìlì kan lọ. Ọmọ náà wo kéèkì, ó wo mi, ó ní, “Dádì, owó 67 lẹ san, 45 ni wọ́n gbé fún yín.” Owó tí mo san jẹ́ 48,000 náírà, kò sì sí ẹni tí ó dá kọ́bọ̀ padà fún mi nínú rẹ̀.

Ìyá mi nìkan ni inú rẹ̀ dùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ti kọ́kọ́ ké pé, “Erinmi nìyí! Erinmi ni wọ́n fún mi!” omi sì ti ń dé ojú rẹ̀, ni màmá bá wo ìwo wúrà náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní Ọlọ́run yóò gbé ìwo rẹ̀ ga bí ìwo àgbáǹréré, yóò sì ta òróró tuntun sí i lórí. Gbogbo ilé ṣe àmín, títí kan awakọ̀ aládùúgbò wa tí ó wá gba àga padà. Bí ó bá jẹ́ ẹṣin aláwọ̀ òṣùmàrè ni a gbé ka iwájú wọn, n kò rò pé Sáàmù yẹn ni ì bá wá sí wọn lọ́kàn.

Bí a ti ń wá ìṣáná fún àbẹ́là, ọmọ náà ti fa ìwo yọ kúrò lórí imú ẹranko. Ó gún un mọ́ iwájú orí, láàárín ojú méjèèjì, ó sì fi áísìn tí ó há láti ẹ̀gbẹ́ kéèkì dí ihò imú náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ya fọ́tò.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àléébù gidi tí iṣẹ́ yẹn ní. Igi ìtayín ni wọ́n fi kan ìwo náà mọ́lẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì mú, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún wa nígbà tí mo gbé e. Nínú ilé tí ọmọ kéékèèké ti ń du orí kéèkì, ó yẹ kí wọ́n lẹ ìwé kékeré kan mọ́ páálí. Ọ̀dà wúrà náà tún ń bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́, ìwo náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí eyín tí ó lè kojú rẹ̀. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé wọn kò fi àwòrán kankan ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ì bá ti tó. Nígbà tí mo sọ èyí fún obìnrin náà lórí fóònù, ó gbà pé òótọ́ ni, ó ní òun rò pé bàbá tí ó lè kọ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ yóò mọ ohun tí òun fẹ́. N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fi kéèkì kéékèèké mẹ́fà ránṣẹ́, orí ẹṣin funfun wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, ìwo rẹ̀ kò ju èékánná ìka kékeré lọ, kò sì sí igi nínú rẹ̀. Èmi ni mo san 1,500 náírà fún ẹni tí ó fi ọ̀kadà gbé e wá, òun kò gba kọ́bọ̀. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, èyí sì ni ìdí tí n kò fi ní lọ sí ibòmíràn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó, kí ó sọ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kí ó mọ̀ pé wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú, kí ó sì fi àwòrán ohun tí ó fẹ́ ránṣẹ́, ìbáà jẹ́ Yorùbá ni ó fi kọ ọ́ tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo tún lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti sọ ti ọjọ́ ìbí ìyàwó mi, mo rí ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ oníbàárà sí lórí tábìlì. Wọ́n ti fa ìlà sí àárín ojú ewé kan, wọ́n kọ “àgbáǹréré ẹlẹ́ṣin” sí apá kan, wọ́n sì kọ “àgbáǹréré onímú” sí apá kejì. Orúkọ oníbàárà mẹ́ta wà lábẹ́ ẹlẹ́ṣin. Lábẹ́ onímú, tèmi nìkan ni.